Àwọn Tó Sùn Lábẹ́ Igi Kédárì

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 ni bàbá náà kọ́kọ́ kí Tàjúdéènì nínú igbó ní Accokeek, Tàjúdéènì sì ti dá a lóhùn kó tó rántí ibi tí òun wà.

"O kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ kú ọ̀sán o."

Lẹ́yìn tó dáhùn tán ni ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá já, ó dúró gbagidi. Ta ni í fi Yorùbá kí èèyàn láàárín igbó Amẹ́ríkà, níbi tí kò sí ilé kan nítòsí, tí kò sí ohùn kankan ju ti kòkòrò inú ewé lọ? Ó yíjú. Bàbá àgbàlagbà kan ló rí, ó jókòó sórí ìtì igi tó ti wó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ lè ti jẹ́ funfun nígbà kan, ṣùgbọ́n àwọ̀ erùpẹ̀ ló kù lára rẹ̀.

"Ìwọ náà dé," ni bàbá náà wí.

Tàjúdéènì rẹ́rìn-ín. Ó rò pé òun mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó rọ́wọ́ mú ti ń kọ́lé sí Accokeek, ilé ńláńlá lórí ilẹ̀ gbalasa, wọn a sì ránṣẹ́ sí bàbá wọn nílé pé kó wá sinmi. Bàbá á dé, ọmọ á lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó ọmọ á lọ, àwọn ọmọ-ọmọ ò gbọ́ Yorùbá. Kí ni bàbá fẹ́ ṣe? Á jáde, á máa rìn káàkiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ọ̀kan nínú wọn nìyí, ni Tàjúdéènì wí lọ́kàn ara rẹ̀, ó sì gbàgbé ìbẹ̀rù.

Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí Yorùbá kankan ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

Ní Ìbàdàn, olùkọ́ ni Tàjúdéènì. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta àti ohun tó wà nínú ilẹ̀. Ọdún 2000 ló wá sí Maryland láti kàwé kún ìwé. Ó fi Alimat ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ní Mọ́níyà pẹ̀lú Ràbíátù ọmọ wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Ọdún méjì ló dá fún wọn, ó wá di mẹ́fà. Ìwé ìgbélùú tó ń retí kò jáde, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé tó bá fi lè jáde kí ìwé náà tó dé, ó lè má rọ́nà wọlé mọ́. Ó ń gbé yàrá kan ní College Park, nínú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, àwọn ọmọ tí wọn ò ju ọmọ ogún ọdún lọ, tí wọ́n máa ń kí i bíi pé òun ló ń tún ilé náà ṣe. Tó bá tẹ Mọ́níyà láago lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, Ràbíátù á gba fóònù, á ní, "Ẹ káàsán, sà," bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀.

Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Greenbelt ló gbà á síṣẹ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wo inú ilẹ̀ kí àwọn kọ́lékọ́lé tó walẹ̀. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n ló wá bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ lọ́dún náà. Ọ̀gá àwọn onítẹlifíṣọ̀n náà ni Michelle, obìnrin gíga kan tí kì í jókòó. Ẹni tó ń gbé kámẹ́rà ni Jesse. Fíìmù tí wọ́n ń ṣe dá lórí àwọn ọkọ̀ òfurufú tó jábọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀kan já sínú irà ní Accokeek lọ́dún 1943, nígbà tí ọmọ ogun kan, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ń fi kọ́ṣẹ́. Àwọn ológun kó èyí tí ojú rí, ilẹ̀ gbé èyí tó kù mì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọmọ ogun náà, tó ti di arúgbó báyìí, ní kí wọ́n bá òun wá egungun àbúrò bàbá òun.

Iṣẹ́ Tàjúdéènì ni láti gbé ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn irin, kó máa rìn lọ rìn bọ̀ láàárín okùn tí wọ́n ta sílẹ̀. Òun nìkan ló ń ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lápò, ẹ̀rọ á purọ́. Nítorí náà ó máa ń tú bẹ́líìtì, á yọ aago, á fi fóònù sílẹ̀ nínú mọ́tò, á sì wọ inú igbó lọ lófo.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá tún wà lórí ìtì igi náà.

"Kí lò ń wá nínú ilẹ̀?"

"Bàálù ni, Bàbá. Ọkọ̀ òfurufú tó jábọ́ síbí nígbà ogun."

"Ogun." Bàbá mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ogun náà ló gbé wa dé ibí."

Tàjúdéènì rò pé ogun Biafra ló ń sọ. "Ọmọ ibo ni yín, sà?"

"Ọ̀yọ́."

"Ọ̀yọ́ gan-an, àbí agbègbè ibẹ̀?"

Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu. "Ọ̀yọ́ mélòó ló wà?"

Tàjúdéènì rẹ́rìn-ín, bàbá ò bá a rẹ́rìn-ín. Yorùbá ẹnu bàbá náà jinlẹ̀ bíi kànga ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí Tàjúdéènì gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Òmíràn sì wà tí kò gbọ́ rí, ṣùgbọ́n tó yé e, bí ìgbà tí èèyàn bá mọ ojú ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

"Ọ̀nà wo lo gbà dé ibí?" ni bàbá bi í.

"Òfurufú ni mo gbà, Bàbá."

Bàbá dákẹ́ títí. Atẹ́gùn kan fẹ́, ewé já lulẹ̀.

"Ǹjẹ́ ó ṣeé gbà padà?"

"Ó ṣeé gbà. Tí ìwé bá ti pé."

"Ìwé," ni bàbá wí, ó pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó tọ́ ohun kíkorò wò.

Ní Ọjọ́bọ̀, katapílà walẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì bàálù náà níbi tí Tàjúdéènì ní kí wọ́n wà. Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n rí egungun díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, àti bàtà kan tí okùn rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Michelle sunkún, ó nu ojú, ó ní kí Jesse tún yà á. Ìrù bàálù náà nìkan ló kù, ó sì dà bí ẹni pé ìhà ibi tí igi kédárì mélòó kan dúró sí, níwọ̀n ọgọ́ta ẹsẹ̀ sí ìtì igi yẹn, ló fò lọ. Michelle ní lọ́jọ́ Ajé katapílà á kọjá síbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá fi àgbọ̀n júwe àwọn igi kédárì náà fún Tàjúdéènì.

"Má jẹ́ kí wọ́n walẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn. Àwọn èèyàn ń sùn níbẹ̀."

Ọkàn Tàjúdéènì bàjẹ́. Ó gbà pé ọjọ́ ogbó ti ń da orí bàbá rú, pé kò sì sẹ́ni nílé tó ń ṣọ́ ọ. "Ẹ jẹ́ kí n sìn yín délé, Bàbá," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kọ iye tí ẹ̀rọ kà sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ìtì igi ti ṣófo. Ewé gbígbẹ tẹ́ ilẹ̀ igbó náà bí ẹní. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò lè sáré kọjá lórí rẹ̀ kó má pariwo. Tàjúdéènì ò gbọ́ nǹkan kan.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ dúró. Gbogbo wọn wà nínú mọ́tò ńlá tí wọ́n fi ń kó irinṣẹ́, Jesse ń wo ohun tó ti yà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó pe Tàjúdéènì.

"Taj, wá wo ara rẹ."

Láti ọ̀nà jíjìn ló ti yà á, láàárín igi, nítorí Michelle fẹ́ àwòrán ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́. Tàjúdéènì rí ara rẹ̀ tó ń rìn. Ó rí i tí òun yíjú, tí òun tẹ orí ba bí ọmọlúàbí, tí òun ń rẹ́rìn-ín, tí òun ń fọwọ́ ṣàpèjúwe bí bàálù ṣe já. Ìtì igi náà wà níwájú rẹ̀ gbangba, oòrùn ràn sí i. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ wọnú maikirofóònù tí Jesse so mọ́ igi kan nítòsí: *Òfurufú ni mo gbà, Bàbá.* Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà ló bu omi tútù sí i lẹ́yìn. Nígbàkígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn kòkòrò igbó ń dún lábẹ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá dákẹ́ láti gbọ́ èsì, gbogbo kòkòrò inú igbó náà dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

"Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù lò ń bá sọ̀rọ̀," Jesse rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó kù má bàa gbọ́, "àmọ́ o fi fóònù rẹ sínú mọ́tò. Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àdúrà ni mò ń gbà," ni Tàjúdéènì wí.

Jesse wo ojú rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń gbé lọ ò lè ṣàì di koríko mú. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Tàjúdéènì yá mọ́tò, ó lọ sí ilé ńlá kan tó ń rí lójú ọ̀nà igbó náà, tí wọ́n lẹ àsíá Nàìjíríà mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò tó wà níwájú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Délọ́lá ló ṣílẹ̀kùn.

"Ah, ẹ wọlé now, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má dúró síta."

"Mi ò ní pẹ́, mà. Bàbá yín ni mo wá béèrè. Àgbàlagbà tó máa ń rìn wọnú igbó yẹn. Wọ́n kọ àbàjà."

Délọ́lá wo ọkọ rẹ̀, Olúsọjí, tó ń bọ̀ láti ìdáná pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

"Daddy tèmi ti kú láti ninety-one," ni Délọ́lá wí. "Daddy Sọjí ò tíì gba visa rí. Àbí ilé mìíràn ni wọ́n júwe fún yín?"

"Kò sí Nigerian mìíràn lójú ọ̀nà yìí, ẹ̀gbọ́n," ni Olúsọjí wí. "Àwa nìkan ni. Àwọn neighbor wa, òyìnbó ni gbogbo wọn. Ta ló sọ fún yín pé bàbá kan wà?"

 Tàjúdéènì wo fọ́tò àwọn ọmọ lára ògiri, ó wo bàtà kéékèèké tó tò sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tó ń hó. Délọ́lá ní kó jókòó jẹun, pé ó rù. Ó ní òun yó. Nígbà tó ń padà lọ sídìí mọ́tò, ó gbọ́ ọ tí obìnrin náà ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Sọjí, ẹni yẹn ò gbọdọ̀ máa dá gbé o."

Lọ́jọ́ Ajé, kí aago méje tó lù, Tàjúdéènì ti wà lábẹ́ igi kédárì. Kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn irin ló gbé wá. Rédà iléeṣẹ́ ni, èyí tó dà bíi kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ge koríko, tó ń ríran wọnú ilẹ̀. Ó rọra ń tì í. Nígbà tó kọjá lẹ́ẹ̀kan, ìlà tó ń hàn lójú ẹ̀rọ náà tẹ́jú. Nígbà tó kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀ ṣe kòtò lójú ẹ̀rọ, ó tún tẹ́jú, ó tún ṣe kòtò. Kòtò kọ̀ọ̀kan gùn bí èèyàn. Gbogbo wọn kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n sì tò bí àwọn tó kírun lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó fẹsẹ̀ gbá ewé kúrò, ó rí òkúta kan níbi orí kòtò kìn-ín-ní, òkúta lásán, tí ẹnì kan ti gbé dúró lóòró. Ó kà wọ́n. Mẹ́wàá gùn bí àgbà. Ọ̀kan, ní ẹsẹ̀ èyí tó gùn jù, kò ju àpótí ìjókòó lọ.

Ó gbọ́ tí katapílà ta kìjí. Ó sáré.

"Ẹ dúró!" Ó na ọwọ́ méjèèjì níwájú ẹnu irin náà. "Michelle, sọ fún un kó dúró! Sàréè ló wà níbẹ̀!"

Michelle sún mọ́ ọn, ó wo ìwé tí rédà tẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ fà ro. "Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Mọ́kànlá ni wọ́n."

"Kí ló mú ọ wá wo ibẹ̀? Mi ò rán ọ."

"Mi ò kàn fẹ́ kí a ṣèèṣì ni."

Èèyàn dáadáa ni Michelle. Ó ní kí wọ́n pa katapílà. Ó ránṣẹ́ sí obìnrin arúgbó tó ni ilẹ̀ náà, òyìnbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn, tó wá dúró lẹ́bàá igi náà láì wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ní oko tábà ni gbogbo ibẹ̀ nígbà ayé àwọn bàbá àgbà òun. Ó ní bàbá àgbà òun kì í jẹ́ kí wọ́n ro ibi igi kédárì. "Ó máa ń ní àwọn èèyàn wọn ló wà níbẹ̀."

"Àwọn èèyàn ta ni?" Tàjúdéènì bi í.

"Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko," ni arúgbó náà wí, ó sì wolẹ̀. "Kó tó di pé wọ́n dá wọn sílẹ̀. A ò mọ orúkọ wọn."

Nígbà tí wọ́n gbé egungun ọmọ ogun náà jáde, àwọn ọmọ ogun wá, wọ́n fi àsíá bo pósí, wọ́n fun fèrè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá pósí náà mọ́ra, ó ń pe orúkọ rẹ̀ ṣáá. Kámẹ́rà mẹ́ta ló ń yà á. Lábẹ́ igi kédárì, wọ́n ta okùn ofeefee yí ká, wọ́n gbé ìwé kan kọ́ ọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọbẹ̀. Michelle ní kò sí àyè wọn nínú fíìmù náà. "Ìtàn mìíràn nìyẹn, Taj." Kò parọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ gan-an ni ìwé ìgbélùú Tàjúdéènì dé. Ó bá a nínú àpótí lẹ́tà ní College Park, ọdún mẹ́fà nínú àpò ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò rí ẹni tó máa fi hàn. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń gbélé ń kọjá, wọ́n ń ní, "Hey, man."

Ó padà sí Accokeek lọ́sàn-án ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Àwọn tó kù ti lọ. Ìtì igi ṣófo. Láti ọjọ́ tó ti wo àwòrán tí Jesse yà ni kò ti rí bàbá mọ́. Ó dúró lẹ́yìn okùn, ó ka àdúrà tí à ń kà fún òkú, nítorí ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó kà á fún wọn rí. Ó yẹ kó lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún wọn ní kékeré pé ẹni tó bá pe ohun tí kò mọ iye rẹ̀, kó má ka iye tó máa dáhùn. Ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n ó tún rántí bí bàbá ṣe dákẹ́ títí, kó tó bi í bóyá ọ̀nà náà ṣeé gbà padà.

"Bàbá," ló wí sókè, "mò ń lọ sílé nínú oṣù Kejìlá. Mo ti mọ ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó máa bọ̀."

Gbogbo kòkòrò inú igbó dákẹ́.

Nínú bàálù láti Baltimore, àyè ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò lẹ́nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ọkọ̀ ti kún. Àwọn tó yí i ká ń béèrè aṣọ ìbora. Ọyẹ́ kan ń fẹ́ láti ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú èrò dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fa imú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ̀yin lẹ mú ewé tábà wọlé?"

"Rárá o," ni Tàjúdéènì wí. Òun náà ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Alimat dì mọ́ ọn ní Mọ́níyà títí tí àwọn aládùúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ràbíátù sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó yọjú, ó tún sá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gun itan bàbá rẹ̀. Tàjúdéènì sùn bí òkúta. Ohùn Alimat ló jí i láàárọ̀, ìgbálẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Ràbí, ẹ wá wo nǹkan."

Iyanrìn àgbàlá tí Alimat gbá mọ́ kí àlejò tó dé ti kún fún ojú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n, ó tẹ́, ó fẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tí bàtà ò kàn rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá tí Tàjúdéènì sùn sí, wọ́n jáde ní géètì. Kò sí ọ̀kankan tó wọlé. Lójú títì ni wọ́n ti pínyà: àwọn kan yà sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, àwọn mìíràn kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n ń lọ, títí èéfín ọyẹ́ fi bò wọ́n.

"Àwọn wo ló sùn lọ́dọ̀ wa?" ni Alimat béèrè jẹ́jẹ́.

"Àwọn tí mo bá pàdé lọ́nà ni," ni Tàjúdéènì wí. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbá a. Ó sunkún níbi tó dúró sí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà, ara rẹ̀ sì fúyẹ́.

Kò tíì lè mú Alimat àti Ràbíátù dání padà sí Amẹ́ríkà. Ìwé tiwọn ṣì kù. Oṣù kìn-ín-ní kò tíì parí tó fi padà sí College Park, sínú yàrá kan náà, yìnyín sì ti bo ojú ilẹ̀. Iléeṣẹ́ rán an sí Accokeek kó lọ tún igi kédárì yẹn wò, kí àwọn aláṣẹ lè ní àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀sán ni. Gbogbo igbó funfun. Ó kọjá lábẹ́ okùn, ó ń ti rédà níwájú.

Ìlà náà tẹ́jú. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Ó tẹ́jú. Ó wo ìwé ti oṣù kẹsàn-án, ó wo òkúta orí sàréè tó ṣì dúró níbi tó wà, ó tún kọjá lórí rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ wà bí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ rí láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nínú òtútù náà, ó ní, "Ẹ ti lọ. Gbogbo yín lẹ ti lọ."

Ó kù díẹ̀ kó pa ẹ̀rọ nígbà tí ìlà náà ṣe kòtò.

Kòtò kékeré kan ni. Kò ju àpótí ìjókòó lọ. Kò sí níbi tó wà ní oṣù kẹsàn-án mọ́, ní ẹsẹ̀ èyí tó gùn jù. Ó ti sún ní ogójì ẹsẹ̀, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ okùn ofeefee gan-an, ní ìhà ọ̀nà mọ́tò, ibi tí ọmọ kékeré máa sá dé tí àwọn àgbà bá ń lọ, tí wọ́n ní kó má tẹ̀ lé àwọn, tàbí tí wọn ò rántí rẹ̀.

Tàjúdéènì kúnlẹ̀ sínú yìnyín. Ó fi Yorùbá pè é. Kò sí nǹkan kan. Ó tún pè é. Ìgbà náà ló wá yé e pé èdè tí òun fi pè wọ́n lọ́jọ́ náà nìyẹn, àti pé níbí ni wọ́n bí ọmọ yìí. Ọmọ náà ti gbọ́ ohùn òun lọ́jọ́ náà, kò mọ ohun tí òun sọ.

Ó yí ohùn padà sí Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì tútù tí à ń fi bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní kó má bẹ̀rù. Ó béèrè orúkọ rẹ̀.

 Lẹ́yìn náà, ohùn tín-ín-rín kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn rẹ̀, ní ìwọ̀n gíga èjìká rẹ̀ bó ti kúnlẹ̀. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ó sì bi í bóyá ó mọ ibi tí bàbá òun lọ.

Tàjúdéènì ò lè yíjú wẹ̀yìn. Ó mọ ibi tó lọ. Òun ló mú un lọ.